Ògiri Tí Yóò Dúró Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Mì

Ní Èkó, omi ni a máa ń bẹ̀rù jù bí a bá fẹ́ mọ ògiri. Omi òjò, omi abẹ́ ilẹ̀, omi ọ̀sà tí iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin: orí àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ìṣọ́ra wa dá lé. N kò tíì bá bíríkìlà kankan ṣiṣẹ́, láti Yábà títí dé Ìkòròdú, tí ó fi ìmìtìtì ilẹ̀ kún ìṣirò rẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa jìnnà sí ibi tí àwọn ìpele àpáta ńláńlá tí ó gbé ilẹ̀ ayé ró ti ń fi ara gbún ara wọn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Accra ra ilẹ̀ kan sí apá Weija, ó sì ní kí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fi ń jẹun, bá òun yẹ àwòrán ilé náà wò, kí n sì sọ bí wọn yóò ṣe mọ ògiri rẹ̀. Weija kì í ṣe Èkó. Ìtòsí ibẹ̀ ni ìlà sísán abẹ́ ilẹ̀ tí ó bá òkè Akwapim wá ti pàdé èyí tí ó gba etí òkun lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ìmìtìtì ilẹ̀ tí òṣùwọ̀n agbára rẹ̀ tó bíi 6.5 wó ọ̀pọ̀ ilé ní Accra, ó sì pa ènìyàn bí ogún. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú, ní 1862. Èsì tí mo kọ sí i gùn, mo sì rò pé ó yẹ kí n tún un kọ síbí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́lé, pàápàá àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń kọ́ ilé sí ilẹ̀ òkèèrè.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ ará Ghana nìkan ni. Àwọn ènìyàn mọ ìmìtìtì 1939 yẹn lára ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù keje 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dé Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Ó ṣẹlẹ̀ ní Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní 2016, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní Mpape ní Àbújá ní 2018. Gbogbo èyí kéré, n kò sì sọ pé kí ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé bí ará Japan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ tí ó ń mú ògiri dúró nígbà tí ilẹ̀ bá mì kò jìnnà rárá sí iṣẹ́ tí bíríkìlà wa ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí tiwa ti kù díẹ̀ káàtó ni ìdè: bí ògiri kan ṣe so mọ́ èkejì, bí òpó ṣe so mọ́ bíìmù, bí irin ṣe so mọ́ irin.

Ẹrù tí ògiri máa ń rù lójoojúmọ́ a máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta sì lè fara da èyí dáadáa. Ilẹ̀ tí ó ń mì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí ògiri ni ó ń kọ́kọ́ gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́, nígbà tí orí ògiri ṣì fẹ́ dúró sí ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá ti so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó rí nígbà tí awakọ̀ ṣàdédé gbéra ti mọ bí ó ṣe ń rí: ẹsẹ̀ ti lọ, orí kò tíì tẹ̀ lé e. Kí ògiri tó lọ tán, ilẹ̀ á ti fà á padà, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra fún ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwúwo ògiri fúnra rẹ̀ ni ó ń di ọ̀tá rẹ̀, nítorí pé bí a bá sọ ìwúwo náà di ìlọ́po méjì, ipá tí ó ń fà á ya náà yóò di ìlọ́po méjì. Èyí ni ó mú kí n máa bá àwọn ènìyàn jiyàn nígbà tí wọ́n bá sọ pé ògiri nínípọn ni ògiri líle. Mo fẹ́ràn àwọn ògiri nínípọn tí ó kù ní Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, inú wọn a máa tutù lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti mọ irú wọn sí Accra.

Ọ̀nà méjì ni ògiri ń gbà wó. Bí mímì bá dojú kọ ojú ògiri gangan, ògiri náà lè wó lulẹ̀ lódidi, síta tàbí sínú yàrá, nítorí pé kò sí ohun tí ó dì í mú lókè àti ní ẹ̀gbẹ́. Bí mímì bá sì ń bá gígùn ògiri lọ, ìlà sísán yóò fa láti igun kan dé igun kejì, òmíràn yóò sì dábùú rẹ̀ bí àgbélébùú tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ògiri lágbára púpọ̀ ní gígùn rẹ̀ ju ní ojú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ògiri tí mímì dojú kọ lè rí èyí tí mímì ń bá gígùn rẹ̀ lọ fara tì, kí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé sì di àpótí kan ṣoṣo. Bí igun ilé bá ya, àpótí ti fọ́ nìyẹn, ògiri kọ̀ọ̀kan yóò sì máa jà fún ara rẹ̀.

Òkúta ni mo kọ́kọ́ bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó ti rí àwòrán ilé kan lórí fóònù rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta mọ gbogbo iwájú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé, ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò lórí ohun mìíràn. Mo rán an létí Killari ní ìwọ̀-oòrùn India. Ìmìtìtì tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1993 kò ju 6.2 lọ, ó kéré sí ti Accra, síbẹ̀ ó pa ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 10,000. Ògiri òkúta nínípọn ni ilé wọn, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, erùpẹ̀ wíwúwo sì wà lórí òrùlé. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ògiri kan, méjì ni: ìlà òkúta kan níta, ìlà òkúta kan nínú, àwókù òkúta àti amọ̀ láàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mì, àwókù àárín yóò máa rọ̀ sílẹ̀, yóò sì máa ti ìlà méjèèjì sọ́tọ̀, títí tí ikùn ògiri yóò fi yọ síta, tí yóò sì ya lulẹ̀. Irú ilé òkúta àti amọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wó ní Nepal ní oṣù kẹrin 2015, nígbà tí ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000 kú, àti ní orí àwọn òkè Atlas ní Morocco ní oṣù kẹsàn-án 2023, níbi tí àwọn tí ó kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000.

Ohun tí ó ń gba irú ògiri yìí là kò gbówó lórí. Òkúta gígùn kan ni, tí ó la ògiri já láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ó sì dì ìlà méjèèjì pọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ ìlànà fún àwọn abúlé India àti Nepal ní kí a fi irú rẹ̀ sí i ní gbogbo 60 sẹ̀ǹtímítà bí a bá ń gòkè, àti ní gbogbo mítà kan àti díẹ̀ bí a bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí òkúta tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò bá sí, a lè fi kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ dá irú rẹ̀. Ní igun ilé, òkúta gígùn ni kí á máa tò, kí èyí tí ó wà lókè dábùú èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Òkúta odò tí ó rí roboto kò dára àfi bí a bá là á, nítorí pé kò ní ojú tí ó fi lè jókòó. Kí ògiri má nípọn ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ó jẹ́ sìmẹ́ńtì ni a fi mọ ọ́n, kì í ṣe amọ̀, kí á sì rí i pé mọ́tà wọ gbogbo àlàfo àárín òkúta dípò kí á kàn fi rẹ́ ẹ lójú.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbànú. Ìgbànú tí mo ń sọ ni kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ tí ó yí gbogbo ilé ká láìjá níbìkan, ní ìdí ògiri, ní orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, àti ní ibi tí òrùlé yóò jókòó lé. Ní àwọn òkè Kashmir àti àríwá Pakistan, níbi tí sìmẹ́ńtì kò ti sí láyé àtijọ́, pákó ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín òkúta ní ìpele ìpele láti ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣì dúró lẹ́yìn tí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ láìbìkítà ti wó. N kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọgbọ́n àwọn àgbà yẹn. Ìmọ̀ràn tí mo fún àbúrò mi nígbẹ̀yìn ni pé kí ó fi òkúta mọ ẹsẹ̀ ilé dé ìwọ̀n orúnkún, kí á fi ìgbànú kọnkéré dé e lórí, kí á sì fi búlọ́ọ̀kù mọ ìyókù. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

Nípa ti búlọ́ọ̀kù, inú mi dùn láti sọ pé a ti ń ṣe ààbọ̀ ohun tí ó yẹ láìmọ̀. Lórí ilé ilẹ̀ ní Èkó, ògiri ni bíríkìlà sábà máa ń kọ́kọ́ mọ, yóò fi àyè òpó sílẹ̀ ní igun, kápẹ́ńtà yóò kan pákó dí ojú méjèèjì, wọn yóò sì da kọnkéré sí àárín. Lẹ́yìn náà ni líńtẹ́lì, ìyẹn bíìmù orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, yóò yí ilé ká. Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé gbà pé ó dára fún ilé kékeré ní ibi tí ilẹ̀ ti ń mì, ó sì fara jọ èyí gan-an: a mọ ògiri ná, lẹ́yìn náà ni a fi òpó àti bíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ há a mọ́ ní gbogbo etí rẹ̀. Ìtòtẹ̀léra yẹn ṣe pàtàkì. Bí a bá kọ́kọ́ da òpó, tí a wá ń ti búlọ́ọ̀kù bọ àárín rẹ̀, àlàfo ń wà láàárín méjèèjì, ilẹ̀ tí ó bá mì yóò sì gbọn ògiri jáde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kọnkéré bá gbẹ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, méjèèjì á di ara kan. Ìgbà tí wọ́n ń tún ìlú Messina ní Ítálì kọ́ lẹ́yìn ìmìtìtì 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Chile gbà á lẹ́yìn ìmìtìtì Talca ní 1928, a sì dán an wò kíákíá: ní oṣù kìn-ín-ní 1939, oṣù márùn-ún péré ṣáájú ti Accra, ilẹ̀ mì ní Chillán, ó sì pa ènìyàn tí ó sún mọ́ 30,000. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé wò lẹ́yìn rẹ̀, ó ju ìdajì àwọn ilé tí a fi òpó há mọ́ tí kò ní ìpalára kankan, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí kò ní irin ti wó, yálà díẹ̀ nínú wọn tàbí gbogbo wọn.

Ibo wá ni tiwa ti yàtọ̀? Àkọ́kọ́, òpó wa kò tó. Igun ilé nìkan ni bíríkìlà máa ń rò, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí òpó wà ní gbogbo ibi tí ògiri méjì ti pàdé, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn ńlá, kí àárín òpó kan sí èkejì má sì ju mítà mẹ́rin lọ. Òpó náà kò ní láti tóbi. Ó lè má nípọn ju ògiri lọ, irin mẹ́rin tí ó jẹ́ mìlímítà 10 tàbí 12 sì tó o fún ilé ilẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti gbin irin náà láti inú bíìmù ìpìlẹ̀, kì í ṣe kí á kàn gbé e lé orí Jámánì flóò, ìyẹn kọnkéré tí a dà bo ilẹ̀ inú ilé. Èkejì, a máa ń gé etí búlọ́ọ̀kù gún régé ní ibi tí òpó yóò wà. Ehín ni ó yẹ kí á fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí búlọ́ọ̀kù ìlà kan yọ síta díẹ̀, kí ti ìlà kejì wọlé díẹ̀, kí kọnkéré lè gé e jẹ.

Ẹ̀kẹta ni líńtẹ́lì, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bá àwọn áyánbẹ́ńdà, àwọn tí ń tẹ irin, jà. Wọ́n á tẹ́ irin lórí ògiri kan, wọ́n á gé e ní igun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ tuntun lórí ògiri kejì, irin méjèèjì á kàn fẹnu ko ẹnu. Ní ojú ẹni tí ó ń kọjá lọ, líńtẹ́lì ti yí ilé ká. Nínú rẹ̀, ó ti já ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igun yẹn gan-an sì ni àpótí ti ń fọ́. Ńṣe ni ó yẹ kí irin yí igun náà, kí ó sì gun orí irin kejì tó ìlọ́po 40 ìnípọn rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi 48 sẹ̀ǹtímítà fún irin mìlímítà 12. Irin tí ó ń ṣòfò nípa bẹ́ẹ̀ lórí odindi ilé kò tó owó ilẹ̀kùn kan. Ohun mìíràn tún wà: lẹ́yìn líńtẹ́lì, a máa ń mọ ìlà búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta sí i kí á tó kan òrùlé, a sì máa ń mọ orí onígun mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ilé, láìsí ohunkóhun tí ó dì wọ́n mú. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ já bọ́. Ìgbànú kejì gbọ́dọ̀ wà lókè wọn, àbí kí á gbé líńtẹ́lì fúnra rẹ̀ ga dé ibi tí òrùlé yóò jókòó lé. Bákan náà ni párápẹ́ẹ̀tì kọnkéré tí ó gbòde kan báyìí láti Lekki dé Màgódò, tí a fi ń bo òrùlé mọ́lẹ̀ kí ilé lè dà bí ilé òyìnbó. Ní Christchurch ní New Zealand, ní oṣù kejì 2011, ènìyàn 185 ni ó kú, kì í sì í ṣe díẹ̀ nínú wọn ni iwájú ilé àti ògiri bíríkì tí kò ní irin já lù ní òpópónà.

Ríńgì tí ó yí irin òpó ká ni ẹ̀kẹrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí kọnkéré inú òpó tú ká nígbà tí a bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Áyánbẹ́ńdà tí ó ń kánjú á tẹ etí ríńgì pa dé bí igun ilé lásán. Bí kọnkéré ìta bá ti ya dànù, ríńgì bẹ́ẹ̀ á ṣí, irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ti ara wọn síta. Irú ríńgì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tún rí nínú àwókù ilé ní Turkey lẹ́yìn ìmìtìtì 7.8 ti ọjọ́ 6 oṣù kejì 2023, èyí tí ó pa ènìyàn tí ó ju 50,000 lọ ní orílẹ̀-èdè náà nìkan. Etí ríńgì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ inú kọnkéré, kí ó há irin igun mọ́. Kí ríńgì jìnnà sí ara wọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà ní àárín òpó, kí ó sì sún mọ́ ara wọn dé 10 sẹ̀ǹtímítà ní orí àti ní ìdí, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà ti ń pọ̀ jù.

Gbogbo ìdè yìí kò wúlò bí ohun tí a ń dì pọ̀ kò bá lágbára. Ọdún 2010 fi èyí han gbogbo ayé láàárín oṣù méjì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, ìmìtìtì 7.0 ṣẹlẹ̀ ní Haiti, àwọn tí ó kú sì ju 100,000 lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, ti Chile ṣẹlẹ̀, 8.8 ni, agbára tí ó tú jáde ju ti Haiti lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 500, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú kò tó 600. Òótọ́ ni pé ti Haiti sún mọ́ olú-ìlú wọn gan-an. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo àwòrán àwókù Port-au-Prince yóò rí àwọn nǹkan tí kò ní ṣàjèjì sí ará Èkó: búlọ́ọ̀kù tí ń rún bí gààrí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ ń dán, dẹ́kìn wíwúwo lórí òpó tí kò nípọn.

Ní ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ni iye búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n ń rí nínú àpò sìmẹ́ńtì kan. Bí iye náà bá ti ń kọjá 40, mo ti gba ọ̀nà ilé lọ nìyẹn. Èyí tí ó bá sọ 30 tàbí 35, mo máa ń ní kí ó fún mi ní mélòó kan tí ó ti gbẹ dáadáa, n ó gbé e sókè dé ìwọ̀n àyà, n ó sì jẹ́ kí ó bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Búlọ́ọ̀kù gidi kì í fọ́ yángá. Ẹni tí ó ní owó lè gbé e lọ sí ilé ìdánwò, èyí ni ó dára jù. Mo tún máa ń wò bóyá wọ́n ń bu omi rin búlọ́ọ̀kù wọn fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé sìmẹ́ńtì nílò omi kí ó tó lè le, oòrùn ọ̀sán kì í sì í bá a ṣeré. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti kọnkéré òpó: kí omi má pọ̀ nínú àpòpọ̀ rẹ̀ nítorí pé lébìrà fẹ́ kí ó rọrùn láti dà, kí á gún un dáadáa kí ihò má bàa wà nínú rẹ̀, kí biskíìtì, ègé kọnkéré kékeré tí kì í jẹ́ kí irin fara kan pákó, wà láàárín irin àti pákó, kí á sì máa bu omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán.

Yanrìn etí òkun ni mo pa léèwọ̀ fún àbúrò mi pátápátá. Ìpàǹtí ìkarahun inú òkun wà nínú kọnkéré àwọn ilé kan tí ó wó ní apá İzmit ní Turkey ní oṣù kẹjọ 1999, nígbà tí ó ju 17,000 ènìyàn lọ tí ó kú. Iyọ̀ inú yanrìn náà ti jẹ irin láti inú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilẹ̀ tó mì. Àwa tí a ń kọ́lé sí àyíká ọ̀sà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Lẹ́yìn ògiri fúnra rẹ̀, ohun kan wà nínú àwòrán ilé náà tí ó bà mí nínú jẹ́. Ẹni tí ó yà á ṣí gbogbo ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, yàrá sì wà lókè. Ẹ rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Balógun, ẹ ó rí i pé báyìí ni a ṣe ń kọ́lé ní Erékùṣù Èkó: òpó nìkan nísàlẹ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ni ó ń mówó wọlé, ògiri búlọ́ọ̀kù kún òkè fọ́fọ́. Bí ilẹ̀ bá mì, òkè tí ó ní ògiri kò ní tẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ̀, òpó rẹ̀ yóò sì kán, ilé yóò jókòó lórí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ilẹ̀ kò mì rárá nígbà tí ilé Ìta Fàájì wó ní oṣù kẹta 2019 pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé nínú rẹ̀, kò sì mì nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá 2021. A ti ń rí ìyọnu ilé wíwó tó láìfi ìmìtìtì kún un. Mo ní kí wọ́n dá ògiri padà sí ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ẹ̀yìn, kí ṣọ́ọ̀bù di ẹyọ kan, kí ògiri òkè sì jókòó tààrà lórí ti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé kò gbọdọ̀ sún mọ́ igun ilé ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí àròpọ̀ fífẹ̀ wọn má sì kó ìdajì ògiri kan.

Ilẹ̀ tí ilé yóò jókòó lé náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ní Niigata ní Japan ní 1964, ilé gbígbé onípele mélòó kan dojú bolẹ̀ lódidi, ògiri wọn kò sì fọ́, nítorí pé yanrìn tí omi kún inú rẹ̀ di ọbẹ̀ lábẹ́ wọn nígbà tí ilẹ̀ mì. Bí Lekki bá wà ní Japan, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí àbúrò mi san owó fún ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ náà wò kí ó tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Ó ku ògiri ọgbà. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Èkó mọ̀ pé a fẹ́ràn ọgbà gíga, tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tún wà lórí rẹ̀, a sì ń fi búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà mọ ọ́n lórí ìpìlẹ̀ tí kò jìn, òjò ńlá kan sì ń wó o lulẹ̀ ní ọdọọdún. Ní ibi tí ilẹ̀ ti ń mì, òun gan-an ni ó ń pa ẹni tí ó ń kọjá lọ. Ní Miyagi ní Japan ní 1978, àwọn tí ọgbà búlọ́ọ̀kù àti ọgbà òkúta wó lù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Ìjọba wọn wá ṣòfin pé ọgbà búlọ́ọ̀kù kò gbọdọ̀ ga ju mítà 2.2 lọ, irin gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí ó bá sì ga ju mítà 1.2 lọ gbọ́dọ̀ ní ògiri kékeré tí ó tì í lẹ́yìn ní gbogbo mítà 3.4. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà 2018, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Osaka, ọgbà ilé ìwé kan ní Takatsuki tí ó ga tó mítà 3.5, tí kò ní ohun tí ó tì í lẹ́yìn, wó pa ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tí ó ń lọ sí ilé ìwé ní òwúrọ̀.

Mo ní kí ọgbà Weija má ju mítà méjì lọ, kí ó ní òpó ní gbogbo mítà mẹ́ta, kí irin òpó náà ti inú ìpìlẹ̀ jáde, kí bíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ sì dé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá fẹ́ ààbò sí i, kí ó fi irin fẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè rẹ̀ dípò búlọ́ọ̀kù. Ó ti gbà pẹ̀lú mi lórí òkúta, ó ti gbà lórí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo àwọn aládùúgbò òun ni ọgbà wọn ga tó mítà mẹ́ta, olè yóò sì rí òun bí ẹni tí kò ní ọgbà. A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà.